Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Òfurufú Olómi ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Láyé Ìbẹ̀rẹ̀: Green, ENV, Wolseley, Iris, Beardmore àti Rolls-Royce, Èwo Ni Kí Ẹ Mú?

Àwọn tí mo kọ ìfiwéra yìí fún ni àwọn tí iṣẹ́ ti gbé dé ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ mú ẹ́ńjìnì kan láàárín ọ̀pọ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wà lára wọn, tí ó fẹ́ fi ẹ́ńjìnì àtijọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí a ṣe ń gbé ooru kúrò lára sílíńdà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó fẹ́ ya gbogbo ẹ̀yà ẹ́ńjìnì kan sórí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó fẹ́ rọ àwòṣe kékeré tí yóò ṣiṣẹ́ ní ti gidi náà wà níbẹ̀, àti ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ òfurufú irú ti ọdún 1910 tí ó sì fẹ́ kí ó gbéra nílẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí mo ń sọ ni èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1908 sí 1918, tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, tí omi sì ń gbé ooru rẹ̀ lọ sínú rédíétọ̀. N óò máa pè é ní ẹ́ńjìnì olómi, n óò sì máa pe èyí tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tù ní ẹ́ńjìnì onáfẹ́fẹ́.

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, agbára ẹṣin ni yóò kọ́kọ́ rí, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ń yàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í yàn. Ẹni tí ó bá fi omi sínú ọkọ̀ òfurufú ti gbà láti ru ẹrù tí ẹlòmíràn kò rù, èrè ẹrù náà kì í sì í hàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí wákàtí mẹ́ta, tàbí wákàtí mẹ́rìnlélógún ni a tó ń mọ ẹni tí ó jàre. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé wákàtí ju agbára ẹṣin lọ nínú gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé èyí.

Àwọn òṣùwọ̀n tí mo lò

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni ìwúwo, kí a sì wọn ẹ́ńjìnì pẹ̀lú omi, rédíétọ̀ àti àwọn páìpù rẹ̀. Ẹ wo ọ̀kadà àti mọ́tò: etí irin wẹ́wẹ́ tí ó yí sílíńdà ọ̀kadà ká ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, mọ́tò sì ń gbé rédíétọ̀ àti omi kiri. Ní ojú títì, lítà omi mẹ́wàá kò ju nǹkan lọ. Nínú ọkọ̀ òfurufú ọdún 1909, tí agbára ẹṣin 35 ń fi agídí gbé sókè, kìlógíráàmù mẹ́wàá lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín fífò àti sísáré lórí pápá. Ẹ́ńjìnì onáfẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi ń díwọ̀n nígbà náà ni Gnome ti ilẹ̀ Faransé, tí gbogbo sílíńdà rẹ̀ ń yí pọ̀ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀. Gnome alágbára ẹṣin 50 kò wọ̀n ju bíi kìlógíráàmù 75 lọ, kò sì sí ẹ́ńjìnì olómi ìgbà náà tí ó súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Gnome ń mu òróró lárà bí ó ti ń mu epo pẹtiróòlù, ó sì ń tu òróró náà dànù sójú afẹ́fẹ́ bí ó ti ń lọ. Bí ìrìn bá ti ń gùn sí i, epo àti òróró tí Gnome gbọ́dọ̀ rù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè ìfúyẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnì olómi ti ń bá a.

Èkejì ni ẹ̀wù omi, ìyẹn àpò tí ó yí sílíńdà ká tí omi ń gbà kọjá. Nínú gbogbo ẹ̀yà ẹ́ńjìnì olómi, òun ni ó ń fi ọgbọ́n oníṣẹ́ hàn jù lọ. Bàbà rọrùn láti tẹ̀, ooru sì ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú un, ó máa ń fẹ̀ ju irin lọ. Ẹni tí ó bá so bàbà mọ́ irin pinpin ti pe jíjò omi wá sílé. Ọ̀nà tí oníkálukú gbà yanjú wàhálà yìí ni ó ya àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí ìfaradà tí ó wáyé lójú gbogbo ènìyàn: ẹ̀bùn, ìdíje, ìrìn tí a kọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni bí ẹ́ńjìnì ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀. Èyí tí sílíńdà rẹ̀ tò gbọọrọ gùn, ó sì tín-ín-rín. Èyí tí ó pín sí ìhà méjì kúrú, ó sì fẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni owó, èyí tí mo fi iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀n: mélòó ni ẹ̀yà tí ẹ ó dà, mélòó ni ẹ ó gbẹ́ lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀dì, àti pé ṣé oníṣẹ́ àdúgbò lè ṣe é àbí ó di dandan kí ẹ wá ilé iṣẹ́ pàtàkì kan.

Green

Gustavus Green, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bexhill ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ya ẹ́ńjìnì yìí. Iṣẹ́ náà ju agbára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, nítorí náà Aster Engineering Company ní Wembley ni ó ń bá a ṣe é jáde. Irú mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹ mọ̀. C.4 ni ó kéré jù, ó ní sílíńdà mẹ́rin tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn, ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 105, písítìnì ń rin mìlímítà 120, agbára rẹ̀ sì wà láàárín ẹṣin 30 sí 35. D.4 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sílíńdà mẹ́rin pẹ̀lú, ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 140, písítìnì ń rin mìlímítà 146, agbára ẹṣin 60. E.6 ní sílíńdà mẹ́fà, ó sì dé agbára ẹṣin 100.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí sílíńdà Green, nítorí pé òun ni ó mú kí n fẹ́ràn ẹ́ńjìnì yìí. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan dá dúró gédégbé, irin líle tí a dà ni. Ẹ̀wù omi rẹ̀ jẹ́ bàbà. Níbi tí etí ìsàlẹ̀ bàbà ti pàdé irin, Green kò jó wọn pọ̀. Òrùka rọ́bà ni ó fi sí agbede méjì wọn, tí ó jókòó sínú ojú ihò tí a gbẹ́ yíká sílíńdà. Bí ooru bá mú bàbà, tí ó sì fẹ̀, yóò yọ̀ lórí rọ́bà náà. Bí ó bá tutù, yóò padà sí àyè rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, omi kò níbi tí yóò gbà jò. Ẹni tí ó bá ti rí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì tí ó jó nítorí pé ẹ́ńjìnì gbóná jù yóò mọ bí ọgbọ́n yìí ti wúlò tó, ní ọdún 1908, nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń jà pẹ̀lú omi tí ń kán sórí iná. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù wà lókè orí àwọn sílíńdà, ó wà nínú àpótí tirẹ̀, ọ̀pá kan tí ó dúró lóòró ni ó sì ń gbé agbára lọ bá a láti ìsàlẹ̀. Ọmọ kíláàsì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó sì fi ìka tẹ̀ lé ọ̀nà tí agbára gbà láti kíráǹkì títí dé fáàfù láìsí ẹ̀yà kan tí ó fara pamọ́ fún un.

Ẹ̀rí rẹ̀ lójú ayé pọ̀ ju ti èyíkéyìí lọ nínú àwọn tí ó ṣáájú ogun. Ní ọjọ́ 30 oṣù October ọdún 1909, ní Shellbeach ní erékùṣù Sheppey, J.T.C. Moore-Brabazon fò yípo máìlì kan nínú ọkọ̀ òfurufú Short tí ẹ́ńjìnì Green alágbára ẹṣin 60 ń wà, ó sì gba £1,000 tí ìwé ìròyìn Daily Mail fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ tí gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ́ńjìnì, jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Green yìí kan náà ni ó gba £1,000 tí Patrick Alexander gbé kalẹ̀ fún ẹ́ńjìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Ní ọdún 1911, nígbà ìdíje fífò yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, Samuel Cody fi Green alágbára ẹṣin 60 parí gbogbo ọ̀nà náà, ó ṣe ipò kẹrin lẹ́yìn àwọn tí wọ́n lo ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé, òun nìkan ni ó sì fi ọkọ̀ tí a ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé òpin. Ní oṣù November ọdún kan náà, ní èbúté Barrow-in-Furness, ọkọ̀ Avro Type D tí ó ní Green kékeré, ẹṣin 35 péré, ni ó kọ́kọ́ gbéra láti orí omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gágun ojú omi Oliver Schwann ni ó ra ọkọ̀ náà ní £700 tòun ti ẹ́ńjìnì inú rẹ̀, ó sì ti fi bàtà ojú omi sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ ro ìdènà tí omi ń ṣe sí ọkọ̀ tí ń sáré lórí rẹ̀, kí ẹ sì ro ẹṣin 35, ẹ ó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì kékeré yẹn.

Àbùkù rẹ̀ kò pamọ́. Ó wúwo fún agbára tí ó ń mú wá, agbára náà kò sì dàgbà bí ọkọ̀ ṣe ń dàgbà. Ní ọdún 1914, E.6 gba £5,000 nínú ìdíje ẹ́ńjìnì tí ìjọba ṣe fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ojú omi, nítorí pé ó ṣe déédéé tí kò sì dákú, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ́ńjìnì tí ó fúyẹ́ tàbí tí ó lágbára jù ú ni àwọn tí ń kan ọkọ̀ òfurufú ń wá. Àwọn Green tí ó tóbi rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ń sáré, níbi tí ìwúwo kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, òun ni ó rọrùn jù. Sílíńdà mẹ́rin tí wọ́n jọ ara wọn túmọ̀ sí pé ohun ìdà kan ṣoṣo ni ẹ ó gbẹ́, tí ẹ ó sì lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tí ó mọ bàbà lù lè tẹ ẹ̀wù omi rẹ̀, òrùka rọ́bà sì wà lọ́jà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n.

ENV

Owó àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá ENV sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é kí iṣẹ́ tó wá sí Willesden ní London. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ́ńjìnì tí a lè pè ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí àríyànjiyàn kankan kò ní rí i níbí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó yàn án fún iṣẹ́ tí ó dá lórí ìtàn. Sílíńdà mẹ́jọ ni ó ní, mẹ́rin níhà ọ̀tún, mẹ́rin níhà òsì, nítorí náà ó kúrú ju Green lọ bí agbára wọn bá tilẹ̀ dọ́gba, ó sì ń yí jẹ́jẹ́ láìgbọn ọkọ̀ púpọ̀. Irú D wà fún agbára bí ẹṣin 40, irú F sì wà fún ẹṣin 60.

Ẹ̀wù omi ENV jẹ́ bàbà bíi ti Green, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀ pátápátá, nítorí iná mànàmáná ni wọ́n fi gbin bàbà náà sára sílíńdà. Irú iṣẹ́ báyìí máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìda tí a fi mọ àyè omi sára irin, kí a tó gbé e sínú omi kẹ́míkà tí bàbà wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná yóò wá máa to bàbà sórí ìda náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nípọn tó, a ó sì yọ́ ìda náà jáde. Ẹ̀wù tí ó bá jáde kò ní ojú ìsopọ̀ kankan. Ó lẹ́wà lójú, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ àti kẹ́míkà tí kò yẹ kí ọmọdé súnmọ́. Ilé iṣẹ́ díẹ̀ ni yóò gbà láti ṣe mẹ́jọ rẹ̀ fún yín, owó tí wọn yóò béèrè yóò sì ju owó gbogbo Green kan lọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò kéré rárá. Ní ọjọ́ 8 oṣù September ọdún 1909, Cody fi ENV fò fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan láti Laffan's Plain ní ẹ̀gbẹ́ Farnborough, èyí tí kò sí ẹni tí ó tíì ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù December ọdún 1910, Thomas Sopwith gbéra láti Eastchurch nínú ọkọ̀ Howard Wright tí ENV alágbára ẹṣin 60 ń wà, ó la òkun kọjá, ó sì balẹ̀ sí Beaumont ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́yìn bíi kìlómítà 272, ó sì fi bẹ́ẹ̀ gba £4,000 ti Baron de Forest. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìrìn ẹẹ̀kan ṣoṣo tí ó gùn, ENV kò rẹlẹ̀ sí Green. Ohun tí kò ní ni ẹ̀rí wákàtí 24. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ náà fi ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀, ó yíjú sí ṣíṣe jíà, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti pẹ́ jù.

Wolseley àti Iris

Ilé iṣẹ́ mọ́tò ni Wolseley ti Birmingham, ẹ́ńjìnì rẹ̀ alágbára ẹṣin 60 sì ní sílíńdà mẹ́jọ ní ìhà méjì. Ohun tí ó mú un wọ inú ìtàn ni ọkọ̀ B.E.1 tí Geoffrey de Havilland kọ́kọ́ gbé fò ní Farnborough ní ọjọ́ 4 oṣù December ọdún 1911. Inú ọkọ̀ Voisin kan tí Duke ti Westminster fi ta ìjọba lọ́rẹ ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì náà. Wọ́n fi páìpù tí ń pa ariwo sí i, ọkọ̀ náà sì dákẹ́ débi pé àwọn ènìyàn ń pè é ní ọkọ̀ òfurufú tí kì í pariwo. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ ńlá kan dúró láàárín àwọn òpó iwájú, ó dí ojú ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó jókòó, ó sì ń gbá afẹ́fẹ́ mú. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n yọ Wolseley kúrò, wọ́n fi Renault onáfẹ́fẹ́ alágbára ẹṣin 60 rọ́pò rẹ̀. Agbára kan náà, láìsí rédíétọ̀: kò sí ìfiwéra tí ó ṣe kedere ju èyí lọ, mo sì ka B.E.1 sí ẹ̀kọ́ tí ó dára jù lọ lórí ohun tí omi ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Wolseley alágbára ẹṣin 160, méjì, ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ òfurufú ńlá Mayfly ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, èyí tí afẹ́fẹ́ háídírójìnì ni ì bá gbé e sókè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ṣẹ́ sí méjì ní oṣù September ọdún 1911 kí ó tó fò rárá, nítorí náà kò sí ẹ̀rí tí a lè mú lára wọn.

Iris ni èyí tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí i. De Havilland, ọ̀dọ́kùnrin tí bàbá-ńlá rẹ̀ fún ní £1,000 láti fi bẹ̀rẹ̀, ni ó ya á fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Iris ní Willesden ni ó bá a ṣe é. Sílíńdà mẹ́rin ni, méjì kọjú sí méjì, wọ́n sùn gbalaja, agbára rẹ̀ sì jẹ́ bí ẹṣin 45. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbé e sí ṣubú fọ́ yángá ní ọdún 1909, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì náà yè, ó sì gbé ọkọ̀ kejì fò dáadáa ní oṣù September ọdún 1910. Ìjọba ra ọkọ̀ kejì yìí ní £400, wọ́n sì gba de Havilland síṣẹ́. Kò sí ẹ̀bùn ìdíje kankan lẹ́yìn Iris, kò sì sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó lò ó, ṣùgbọ́n ìtò rẹ̀ mú kí ó pẹlẹbẹ, ó sì rọrùn láti gbé kalẹ̀ lórí tábìlì.

Beardmore

Ìyá ẹ́ńjìnì yìí wà ní ilẹ̀ Ọ́stríà: Ferdinand Porsche ni ó ya Austro-Daimler alágbára ẹṣin 120, William Beardmore ti ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì sì gba àṣẹ láti máa ṣe é. Sílíńdà mẹ́fà tí ó tò gbọọrọ ni, ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 130, písítìnì ń rin mìlímítà 175, àyè inú gbogbo sílíńdà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 14. Cody fi Austro-Daimler gba £5,000 ìjọba nínú ìdíje ọkọ̀ ogun tí wọ́n ṣe ní Larkhill ní oṣù August ọdún 1912, ó sì ta ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá yọ. Nígbà ogun, Beardmore alágbára ẹṣin 120, lẹ́yìn náà ẹṣin 160, ni ó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun inú F.E.2b, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń tì láti ẹ̀yìn. F.E.2b dàgbà tán fún ìjà ọ̀sán, síbẹ̀ ó ṣì ń gbé bọ́ǹbù lóru títí di ọdún 1918, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń rìn lókè ọ̀tá nínú òkùnkùn kò béèrè eré, ohun tí wọ́n béèrè ni kí ẹ́ńjìnì má dákú.

Ẹ̀wù omi irú ẹṣin 120 jẹ́ bàbà tí a fi iná mànàmáná gbìn bíi ti ENV, nítorí náà gbogbo ohun tí mo sọ nípa owó níbẹ̀ kan èyí náà. Sílíńdà rẹ̀ tóbi púpọ̀, àwòṣe kékeré nìkan ni mo lè gbà yín níyànjú láti ṣe nínú rẹ̀. Fún iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ó dára gan-an.

Rolls-Royce, àti ìkìlọ̀ kan lórí Sunbeam

Rolls-Royce kọ ọ̀rọ̀ bàbà sílẹ̀ pátápátá. Sílíńdà irin líle ni, ẹ̀wù omi rẹ̀ sì jẹ́ páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a jó mọ́ ọn. Irin pẹ̀lú irin ń fẹ̀ bákan náà, nítorí náà wàhálà tí Green fi rọ́bà yanjú kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjó páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yíká sílíńdà láìjẹ́ kí ó wọ́ jẹ́ iṣẹ́ fún wẹ́ẹ́dà tí ọwọ́ rẹ̀ dájú, àṣìṣe kan ṣoṣo sì lè ba sílíńdà tí ẹ ti gbẹ́ tán jẹ́.

Hawk ni kékeré wọn: sílíńdà mẹ́fà, lítà 7.4, agbára ẹṣin 75 ní ìbẹ̀rẹ̀, bí 100 nígbà tí ogun ń parí. Òun ni ó ń ti àwọn ọkọ̀ òfurufú SS Zero tí háídírójìnì ń gbé sókè, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fi ń ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ní etíkun. Ọ̀kan nínú wọn, SSZ 39, wà lókè fún ohun tí ó ju wákàtí 50 lọ ní ọdún 1918. Bí a bá fi wákàtí wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ níbẹ̀rẹ̀, Hawk ni ó ga jù lọ láàárín gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀, ó sì dùn mí pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Eagle àti Falcon, ti gba gbogbo òkìkí mọ́ ọn lọ́wọ́. Eagle, sílíńdà 12, ni ó gbé Alcock àti Brown, àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ òfurufú kan, kọjá òkun Àtìláńtíìkì láìdúró ní oṣù June ọdún 1919. Falcon, lítà 14.2, ni ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú ogun Bristol Fighter. Àwọn méjèèjì jẹ́ iṣẹ́ àrà, ṣùgbọ́n sílíńdà 12 àti jíà tí ń dín eré abẹ̀bẹ̀ kù kọjá agbára ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ní ti Sunbeam, ìkìlọ̀ ni mo ní. Louis Coatalen ya ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ní Wolverhampton, àwọn kan nínú wọn sì ṣiṣẹ́ gidi: Sunbeam ni ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú Short 184 tí ó kọ́kọ́ ju tọ̀pídò lu ọkọ̀ ojú omi láti òkè ní oṣù August ọdún 1915. Ṣùgbọ́n Arab rẹ̀, sílíńdà mẹ́jọ, agbára ẹṣin 200, ni wọ́n pàṣẹ fún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí wọ́n tó dán an wò tán, tí ó sì ń gbọ̀n débi pé ẹ̀yà ara rẹ̀ ń sán. Ẹ má ṣe fi Arab ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín nítorí pé agbára rẹ̀ dára lórí ìwé.

Ta ni kí ó mú èwo?

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí ẹ́ńjìnì ṣe ń tutù, kí ó mú Green D.4, kí ó sì fi B.E.1 ti Wolseley ṣe àpẹẹrẹ òdìkejì lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹ̀yà Green kan tí a kò lè fi ìka kàn, ìyàtọ̀ ọkọ̀ méjèèjì yóò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i fúnra wọn pé omi kò dára, kò sì burú, bí kò ṣe pé iṣẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe ni yóò sọ.

Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó fẹ́ rọ àwòṣe tí yóò ṣiṣẹ́, Green C.4 ni tirẹ̀. Kí ó ṣe sílíńdà kan ṣoṣo tán pátápátá, kí ó fi rọ́bà sí i, kí ó da omi gbígbóná sí i, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó ṣe mẹ́ta yòókù. Ẹni tí ó ti ṣe ẹ́ńjìnì rí, tí ó sì mọ wẹ́ẹ́dà tí ó ṣeé fọkàn tán, lè gbìyànjú Hawk. ENV wà fún ẹni tí ó lówó, tí ẹwà bàbà rẹ̀ sì wù ú láti gbé síwájú àlejò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ya ẹ̀yà sórí kọ̀ǹpútà, bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí àkókò rẹ̀ sì kúrú, Iris yóò gbà á nítorí pé ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣírò bí ooru ṣe ń lọ láti inú sílíńdà sínú omi, kí wọ́n mú Green àti Hawk pọ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà ọ̀kan wé páànù èkejì. Beardmore dára fún ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá lórí bí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ kan ṣe ń gba iṣẹ́ ilẹ̀ mìíràn tí ó sì ń mú un dàgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ fi ojú rí díẹ̀ nínú wọn kí ẹ tó yàn. Ọkọ̀ Cody tí ó ní Austro-Daimler, nọ́ńbà 304, wà ní ìkáwọ́ Science Museum ti London, Bristol Fighter kan tí Falcon ń wà sì wà nínú àkójọ Shuttleworth ní Old Warden, ní Bedfordshire, níbi tí wọ́n ti ń gbé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ fò ní ọjọ́ ìfihàn.

Ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ tí ènìyàn yóò jókòó sí tí yóò sì fò, kí ó má ṣe mú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ́ńjìnì gidi tí ó ṣẹ́kù kò tó nǹkan, ó níye lórí, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀mí ènìyàn dán an wò. Àwòṣe Avro onípele mẹ́ta tí ó wà ní Old Warden, irú èyí tí Green ń wà ní ọdún 1910, ẹ́ńjìnì onáfẹ́fẹ́ Cirrus tí a ṣe lẹ́yìn náà ni wọ́n fi sí i, ó sì ń fò láìséwu. Ẹ wá ẹ́ńjìnì tí àwọn aláṣẹ òfurufú ti fọwọ́ sí, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè yí díẹ̀díẹ̀ bíi ti àtijọ́. Kí ẹ tó gbé e sí i, ẹ ṣírò ìwúwo Green, omi àti rédíétọ̀ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi irin dí àlàfo náà níwájú, kí ìdúró ọkọ̀ lójú afẹ́fẹ́ má baà yí padà.